Fífi Ìmọ́lẹ̀ Darí Sẹ́ẹ̀lì Ìmọ̀lára: Ohun Tí Ó Jẹ́, Ohun Tí Kì Í Ṣe, àti Bí A Ṣe Lè Sọ Ọ́ ní Yorùbá

1. Ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí

Lára iṣẹ́ tí à ń ṣe ní ẹ̀ka wa ni títúmọ̀ ọ̀rọ̀ ìlera láti èdè Faransé sí Yorùbá, kí àwọn ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ àti àwọn ènìyàn wa ní Tógò lè kà á tàbí kí wọ́n gbọ́ ọ lórí rédíò. Láti ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ kan ti ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn: optogénétique. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ nínú rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ, pé wọ́n ti fi ìmọ́lẹ̀ la ojú afọ́jú ní Paris. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbọ́ ọ, á gbé e délé, bàbá rẹ̀ tí kò ríran mọ́ á sì béèrè pé, èló ni, níbo ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu ènìyàn tó pọ̀ débi tí mo fi rí i pé ìdáhùn ẹnu kò tó mọ́.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ ṣe níhìn-ín. Èkíní, mo fẹ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí ó dé báyìí, ní Yorùbá tí ẹni tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lè tẹ̀ lé. Èkejì, mo fẹ́ dábàá àwọn ọ̀rọ̀ tí àwa ògbufọ̀ lè máa lò. Nǹkan méjèèjì so mọ́ra: bí ọ̀rọ̀ bá wọ́, òye á wọ́, ẹni tí òye rẹ̀ bá sì wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìlera lè fi owó, àkókò àti ojú tí ó ṣẹ́kù fún un ṣòfò.

2. Iṣan wo ni à ń sọ?

Bí dókítà bá sọ pé nerf, ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ á ní iṣan. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò jù. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan là ń pè é. Ohun tí ó so ẹran mọ́ eegun, iṣan ni. Èyí tí ó máa ń fà nígbà tí a bá gbé ẹrù tí ó wúwo, iṣan náà ni. Nerf kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni jíjẹ́ iṣẹ́: ó ń gbé ìròyìn láti awọ ara, ojú àti etí lọ fún ọpọlọ, ó sì ń gbé àṣẹ ọpọlọ bọ̀ wá bá ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń pè é ní iṣan ìmọ̀lára, tí mo sì ń pe sẹ́ẹ̀lì tí ó dá a sílẹ̀ ní sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára. Inú ọpọlọ ènìyàn nìkan, irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tó bílíọ̀nù 86.

Báwo ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń jẹ́ iṣẹ́? Iyọ̀ àti iná ni ó fi ń ṣe é. Omi tí ó yí sẹ́ẹ̀lì ká ní iyọ̀ sódíọ̀mù púpọ̀ ju ti inú rẹ̀ lọ, èérún iyọ̀ wọ̀nyí sì ní agbára iná lára. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń sinmi, iná inú rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ ju ti ìta lọ ní nǹkan bíi mílífọ́ọ̀tì 70. Lára awọ sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ilẹ̀kùn wà, purotéènì ni a fi ṣe wọ́n. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, sódíọ̀mù á rọ́ wọlé, ìyàtọ̀ iná náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Bí ó bá dínkù dé nǹkan bíi 55, àwọn ilẹ̀kùn yòókù á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, iná á sì sáré gba ara okùn sẹ́ẹ̀lì náà kọjá títí yóò fi kan sẹ́ẹ̀lì tí ó kàn. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìdá kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ẹni tí ó bá lè ṣí ilẹ̀kùn náà nígbà tí ó bá wù ú ti lè mú kí sẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀ nìyẹn.

3. Ohun tí iná àti oògùn kò lè ṣe

Kì í ṣe òní ni ènìyàn ti ń gbìyànjú àtimú sẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀. Ní ìlú Bologna ní Ítálì, Luigi Galvani ṣe ìdánwò pẹ̀lú ẹsẹ̀ àkèré tí ó ti kú: bí iná bá kàn án, ẹsẹ̀ náà á ta. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1791. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn wá ń fi okùn irin tín-ín-rín rán iná sínú ọpọlọ, ó sì ti wúlò fún ọ̀pọ̀ aláìsàn.

Ṣùgbọ́n iná kò mọ ẹnì kan yàtọ̀ sí ẹnì kejì. Ìka kò dọ́gba, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ pàápàá kò dọ́gba. Àwọn kan ń ru àwọn mìíràn sókè, àwọn kan ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́, wọ́n sì wà láàárín ara wọn bí ọmọ ilé àti àlejò ṣe ń dàpọ̀ lọ́jà. Bí a bá rán iná síbẹ̀, gbogbo wọn ni yóò pariwo. Oògùn lè yan irú sẹ́ẹ̀lì kan ju òmíràn lọ, ṣùgbọ́n ó lọ́ra: ó ń gba wákàtí kí ó tó wọlé, ó sì ń gba wákàtí kí ó tó jáde, nígbà tí iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì kò ju ìṣẹ́jú bí ẹyẹ ṣí ojú lọ.

Ní ọdún 1979 ni Francis Crick, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣàwárí bí DNA ṣe rí, kọ̀wé pé ohun tí ìmọ̀ ọpọlọ ń fẹ́ ni ọ̀nà tí a ó fi lè darí irú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tí àwọn yòókù kò ní yí padà. Ní ọdún 1999 ó dárúkọ ìmọ́lẹ̀ pé ó lè jẹ́ ọ̀nà náà. Ìṣòro tí ó kù ni pé sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ kì í rí ìmọ́lẹ̀. Inú òkùnkùn agbárí ni wọ́n ń gbé.

4. Ilẹ̀kùn tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣí

Inú omi ni ìdáhùn ti wá. Ohun alààyè wínníwínní kan wà tí ó ní àwọ̀ ewé, Chlamydomonas ni orúkọ rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀, inú omi adágún àti ilẹ̀ tútù ni ó ń gbé, ọ̀kan sì ni lára ẹbí àwọn ohun tí ń mú kí omi tí a fi sílẹ̀ lóòrùn yí di àwọ̀ ewé. Kò ní ọpọlọ, síbẹ̀ ó ń wẹ̀ lọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, nítorí oòrùn ni ó fi ń ṣe oúnjẹ. Láàárín ọdún 2002 sí 2003, Georg Nagel, Peter Hegemann, Ernst Bamberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Jámánì fi hàn pé purotéènì kan lára rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀kùn tí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣí. Bí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù bá kàn án, ilẹ̀kùn á ṣí, sódíọ̀mù á sì wọlé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kúrò, ilẹ̀kùn á padé. Kò sí ẹlòmíràn láàárín.

Purotéènì kejì wà tí ń ṣe òdìkejì. Inú ohun alààyè kan tí wọ́n rí nínú àwọn adágún oníyọ̀ Wadi Natrun ní Íjíbítì ni ó ti wá, orúkọ Fáráò sì wà lára orúkọ rẹ̀: Natronomonas pharaonis. Bí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè bá kàn án, ó máa ń fa kúlóráìdì wọ inú sẹ́ẹ̀lì, iná inú sẹ́ẹ̀lì á túbọ̀ lọ sílẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì dákẹ́. Ní ọdún 2007 ni wọ́n fi hàn pé ó ń pa sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára lẹ́nu mọ́. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ń sọ pé sọ̀rọ̀, ìyeyè ń sọ pé dákẹ́.

Ohun kan wà nínú àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí tí kò ṣàjèjì sí ilé ìdáná wa. Purotéènì nìkan kò lè rí ìmọ́lẹ̀. Ohun kékeré kan tí ń jẹ́ retinal ni ó wà nínú rẹ̀ tí ń gba ìmọ́lẹ̀, òun kan náà sì ni ó wà nínú ojú wa tí a fi ń ríran. Ara fítámì A ni ara wa ti ń ṣe é. Ohun tí ń mú kí epo pupa pupa wà lára ohun tí ara wa ń sọ di fítámì A, ìdí nìyẹn tí epo tí a yan títí ó fi funfun kò fi ní àǹfààní yìí mọ́. Ìdí kan náà ni ọmọ tí kò ní fítámì A tó kò fi ń ríran dáadáa lálẹ́. Ọpọlọ àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú ti ní retinal tó, nítorí náà bí ilẹ̀kùn náà bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, a kò ní láti fi nǹkan mìíràn kún un. Mo tètè fi kún un pé epo jíjẹ kì í la ojú tí ó ti fọ́.

5. Bí ilẹ̀kùn náà ṣe ń dé inú sẹ́ẹ̀lì

A kò gbé ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ lọ. Ohun tí a gbé lọ ni jíìnì rẹ̀, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì lè kà kí ó sì fi kan ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ń gbé e ni fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti yọ jíìnì tirẹ̀ kúrò, tí kò lè bí sí i mọ́. Fáírọ́ọ̀sì mọ ọ̀nà wọ inú sẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ tí a sì fẹ́ kí ó ṣe nìyẹn: kí ó gbé ẹrù wọlé, kí ó sọ ọ́ kalẹ̀.

Àmọ́ fáírọ́ọ̀sì á wọ inú oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì. Báwo ni irú kan ṣoṣo yóò ṣe kan ilẹ̀kùn? Àrokò ni àpèjúwe tí ó ṣe kedere jù lójú mi. Ìránṣẹ́ lè gba ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ kọjá, gbogbo wọn lè rí ẹyọ owó àti ìyẹ́ tí a so pọ̀, ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí nìkan ni yóò mọ ohun tí ó ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí níhìn-ín. Níwájú jíìnì náà ni wọ́n máa ń so ègé DNA kan mọ́, tí irú sẹ́ẹ̀lì kan nìkan lè kà. Àwọn yòókù á gba ẹrù, wọn ò ní mọ bí a ṣe ń tú u. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi okùn dígí tí ó tín-ín-rín bí irun mú ìmọ́lẹ̀ dé ibẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ búlúù kì í rìn ju ìwọ̀n mílímítà díẹ̀ lọ nínú ọpọlọ.

6. Ohun tí wọ́n ti fi mọ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, Edward Boyden, Feng Zhang àti Karl Deisseroth ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Nagel àti Bamberg, tẹ àbájáde kan jáde: wọ́n ti fi ilẹ̀kùn Chlamydomonas sínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ eku nínú àwo, sẹ́ẹ̀lì náà sì ń dáhùn bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń ṣẹ́jú. Ní ọdún yẹn kan náà, Susana Lima àti Gero Miesenböck gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ tú kẹ́míkà sílẹ̀ nínú ara eṣinṣin, eṣinṣin náà sì fò bí ẹni tí ń sá fún ọ̀tá, kódà èyí tí wọ́n ti gé orí rẹ̀. Ní 2006 ni Zhuo-Hua Pan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Detroit mú kí ojú eku tí ó ti fọ́ tún máa dá ìmọ́lẹ̀ lóhùn.

Àpẹẹrẹ tí ó fi ìwúlò ọ̀nà yìí hàn mí jù ni ti 2010, lórí àrùn Parkinson tí ń mú ọwọ́ àgbàlagbà gbọ̀n tí ó sì ń mú ẹsẹ̀ wúwo. Nínú ọpọlọ ni apá kan wà tí irú sẹ́ẹ̀lì méjì ti dàpọ̀ mọ́ra. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ ti rò pé ọ̀kan ń tú ìrìn sílẹ̀, èkejì ń dá a dúró. Iná kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìmọ́lẹ̀ yà wọ́n. Nígbà tí Alexxai Kravitz, Anatol Kreitzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ru irú èkejì sókè, eku tí ara rẹ̀ le dúró gbọn-in. Nígbà tí wọ́n ru irú èkíní sókè nínú eku tí ó ní irú àìsàn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ohun tí wọ́n ti ń rò tẹ́lẹ̀ wá ní ẹ̀rí.

Èyí tí ó ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù ni ti iyè. Ní ọdún 2012, ní ilé ìwádìí Susumu Tonegawa ní MIT, wọ́n fi ilẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀ sí kìkì àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rù ba eku nínú àpótí kan. Lẹ́yìn náà, nínú àpótí mìíràn tí ohunkóhun kò ti ṣe é rí, wọ́n tan ìmọ́lẹ̀, eku náà sì dúró sójú kan bí ẹni tí ẹ̀rù ti bà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n mú kí eku máa bẹ̀rù ibi tí kò ti sí ewu rárá. Ẹ̀tọ́ ni kí ènìyàn béèrè ibi tí èyí ń lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ rántí ohun tí ó gbà: jíìnì nínú ọpọlọ, okùn dígí nínú agbárí, àti iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kò sí ẹni tí ó lè ti òkèèrè tan tọ́ọ̀ṣì sí ènìyàn kí ó gba iyè rẹ̀.

7. Ọkùnrin tí ó wà ní Paris

Ojú ni ọ̀nà yìí ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, ìdí rẹ̀ sì hàn: ìmọ́lẹ̀ lè wọ ojú láìsí pé a gbẹ́ agbárí. Lẹ́yìn ẹyinjú ni awọ kan wà tí ó ní ìpele sẹ́ẹ̀lì. Ìpele kan ni àwọn agbamọ́lẹ̀, wọ́n ju mílíọ̀nù 100 lọ nínú ojú kan. Ìpele mìíràn ni àwọn arániṣẹ́, tí wọ́n tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan, àwọn ni okùn wọn so pọ̀ di iṣan tí ó lọ bá ọpọlọ. Àrùn àbímọ́ni kan wà tí àwọn Faransé ń pè ní rétinite pigmentaire. Àwọn agbamọ́lẹ̀ ni ó ń pa díẹ̀díẹ̀, àwọn arániṣẹ́ sì lè wà láàyè fún ọdún púpọ̀ láìní iṣẹ́ tí wọn yóò jẹ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, José-Alain Sahel, Botond Roska àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ròyìn ọ̀rọ̀ ọkùnrin ẹni ọdún 58 kan tí wọ́n ti mọ àrùn náà mọ́ ọn lára láti 40 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ sínú ojú kan ṣoṣo, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀ sí àwọn arániṣẹ́ rẹ̀. Nítorí pé ilẹ̀kùn náà ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ó lágbára, wọ́n ṣe awò-ojú kan tí ó ní kámẹ́rà, tí ó ń sọ ohun tí ó rí di ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ọsàn sínú ojú náà. Ó kọ́ lílo awò náà fún oṣù púpọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan.

Ohun tí ó rí nìyí: ó lè mọ ibi tí ìwé kan wà lórí tábìlì kí ó sì fi ọwọ́ kàn án, ó lè ka iye ife tí ó wà níwájú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì rí ìlà funfun tí wọ́n fà sójú títì fún àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn. Bí ó bá bọ́ awò náà, kò rí wọn mọ́. Kò lè ka ìwé, kò sì lè dá ojú ènìyàn mọ̀. Fún ẹni tí ìmọ́lẹ̀ lásán ni ó ń rí tẹ́lẹ̀, ohun ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé ojú rẹ̀ là bí ti tẹ́lẹ̀ kò sọ òótọ́.

8. Ta ni ó lè ràn lọ́wọ́, ta ni kò lè ràn lọ́wọ́?

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò fara balẹ̀. Ọ̀nà yìí gbára lé àwọn arániṣẹ́ àti iṣan ojú tí ó ṣì wà láàyè. Glaucome, tí ó wọ́pọ̀ púpọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn arániṣẹ́ yẹn gan-an ni ó ń pa. Bí wọ́n bá ti kú, kò sí ẹni tí a ó fi ilẹ̀kùn sí. Àrùn ojú tí eṣinṣin etí odò ń fà lè ba iwájú ẹyinjú jẹ́, ó sì lè ba iṣan rẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe agbamọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń pa. Èyí tí ń mú kí funfun bo inú ẹyinjú àgbàlagbà, iṣẹ́ abẹ tí ó ti wà tipẹ́ ń wò ó, kò nílò jíìnì kankan.

Nítorí náà, ìdáhùn sí bàbá tí ń béèrè iye owó ni pé kí a kọ́kọ́ mọ àrùn tí ó wà lójú. Bí ó bá jẹ́ glaucome, kí ó má ṣe dúró de Paris. Ẹ̀kán oògùn lè dáàbò bo èyí tí ó kù, èyí tí ó ti lọ kò ní padà. Kí àwọn àbúrò àti ọmọ rẹ̀ náà lọ wọn ojú wọn, nítorí ó máa ń rìn nínú ẹbí, kì í sì í dun ènìyàn títí yóò fi ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe.

9. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo dábàá

Fún iṣẹ́ náà lápapọ̀, mo dábàá ìfìmọ́lẹ̀darí-sẹ́ẹ̀lì. Mo mọ̀ pé ó gùn. Àwọn kan ti ń sọ pé fífi ìmọ́lẹ̀ darí ọpọlọ, ó sì rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n etí Yorùbá á gbọ́ ọ bí ìgbà tí a gba iyè ọmọlọ́mọ. Sẹ́ẹ̀lì ni à ń darí. Ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Fún purotéènì náà, ilẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀. Ó sọ ohun tí ó jẹ́ àti ohun tí ń ṣí i.

Fún ohun tí ń gbé jíìnì, fáírọ́ọ̀sì aláàárù. A ti mọ́ra láti máa sọ pé kòkòrò fáírọ́ọ̀sì, àmọ́ kòkòrò ni à ń pe ohun tí ń fa àìsàn. Aláìsàn tí a bá sọ fún pé a fẹ́ gún un ní abẹ́rẹ́ kòkòrò sójú lè dìde kí ó máa lọ, kò sì jẹ̀bi. Aláàárù kì í ṣe onílé, ẹrù ni ó gbé wá, gbogbo ọlọ́jà ni ó sì mọ̀ ọ́n.

Fún nerf, iṣan ìmọ̀lára, kí a má sì sọ iṣan lásán mọ́ nínú ìwé ìlera.

Kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ ni mo ń ṣe. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí fún gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda. Jíìnì tí ó bá ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì, a kò lè mú un jáde mọ́. Bí ọjọ́ kan bá dé tí wọ́n gbé ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú àgbàlagbà kan ní Kútọnu tàbí Lomé, tí ó jẹ́ pé Yorùbá nìkan ni ó gbọ́, ohun tí ògbufọ̀ bá sọ ni ó fọwọ́ sí. Ó yẹ kí a ti ní ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.

Mo fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ fún àyẹ̀wò àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Bí ẹ̀ka èdè tiyín bá ní èyí tí ó dùn létí jù wọ́n lọ, pàápàá fún nerf, ẹ fi ránṣẹ́, kí a gbé e yẹ̀ wò nínú ìwé wa tí ó ń bọ̀.